Oníbodè àbí Òṣómàáló: Ta Ni Kí Ẹ Fún Ní Kọ́kọ́rọ́ Àká Kóòdù Yín?

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò tí a jọ ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún kọ̀ǹpútà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo ti sùn. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo tó gbọ́ ọ. Inú ọmọ náà ń dùn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́ o. Mo ti bá wa to gbogbo àmì ohùn inú iṣẹ́ wa, kò sí èyí tó rí wúruwùru mọ́. Mo ti push ẹ̀."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Ó ti push ẹ̀ lóòótọ́, ó ti tì í wọ ibi tí gbogbo wa ń kó iṣẹ́ sí. Ìlà tó yí padà lé ní 11,000. Ọkọ ti di oko, ọkọ̀ ti di oko, ọkọ́ náà ti di oko, oko gidi wá jókòó sáàárín wọn bí baálé tí àlejò ya bo ilé rẹ̀ lójijì.

Ẹni tó bá ti bá èdè wa jìjàkadì lórí kọ̀ǹpútà á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, fún lẹ́tà ọ ní àyè tirẹ̀, U+1ECD. Ó fún ẹ ní U+1EB9, ó fún ṣ ní U+1E63. Àmọ́ kò sí àyè kan ṣoṣo fún ọ́ tàbí ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni àmì ohùn máa ń wà, á wá gun lẹ́tà lórí. Nítorí náà, ọ́ kan náà lè wà ní oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú kọ̀ǹpútà, kí ojú ènìyàn má sì rí ìyàtọ̀ kankan. Ètò kékeré tí àbúrò mi kọ fẹ́ sọ gbogbo wọn di oríṣi kan. Ó tú wọn palẹ̀ dáadáa. Ibi tó ti ń kó wọn jọ padà ló ti gbàgbé àmì sílẹ̀, tòkè tìsàlẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi dá iṣẹ́ wa padà sí bó ṣe wà. Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo ìyípadà inú iṣẹ́ wa, ló ṣe é: git revert, push, ó tán. Mo ti ń wá bàtà tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó rántí pé áàpù kan wà tó ń fa ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀gànjọ́ òru, fúnra rẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti fà á. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi gba ẹ̀sùn lọ́dọ̀ àwọn tí oko mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọ fóònù wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé la pàdé ní ilé oúnjẹ kan ní Lagere, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí, àwa mẹ́fà, pẹ̀lú àbúrò náà tí kò lè gbórí sókè. Ẹ̀bà kò tíì délẹ̀ tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí a gba kọ́kọ́rọ́, ìyẹn àṣẹ àtikọ nǹkan tààrà sínú iṣẹ́ náà, lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn yòókù ní bí a bá gbà á, iṣẹ́ náà kú nìyẹn, torí pé ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ló mú àwọn wá. Òtítọ́ ni apá méjèèjì ń sọ, ìyẹn ló jẹ́ kí ìjà náà pẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo lọ wo bí àwọn iṣẹ́ ńláńlá tí kóòdù wọn, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, ṣí sí gbogbo ayé ṣe ń ṣe tiwọn. Ohun tí mo rí ni mo kó síhìn-ín, ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, n kò sì ní fi ibi tí ọkàn tèmi wà pa mọ́.

Orúkọ méjèèjì

Mo máa ń pe repo, ibi tí kóòdù iṣẹ́ kan wà, ní àká, torí ibi tí a ń kó ìkórè sí ni. Ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Láyé odi ìlú, ẹrù kì í wọlé kí oníbodè má tú u wò. Ọ̀nà kìíní nìyẹn: kò sẹ́ni tó lè kọ nǹkan tààrà sínú àká. Ẹ ó fi pull request, ìbéèrè pé kí wọ́n gba iṣẹ́ yín wọlé, ránṣẹ́, ẹnì kan á kà á, á béèrè ọ̀rọ̀, á dá a padà bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìgbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni yóò merge ẹ̀, ìyẹn ni pé yóò gbà á sínú àká. Linux, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà, ni mo kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń dá sí i, ṣùgbọ́n àká àgbà, Linus Torvalds tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ló ń ti nǹkan wọ ibẹ̀. Àwọn olùtọ́jú ẹ̀ka wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn mìíràn tún wà lábẹ́ àwọn yẹn, bí ìlú olódi mẹ́ta. Láti 2004, ẹni tí kóòdù bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ní láti fi ìlà Signed-off-by sí i, bí onígbọ̀wọ́ ṣe ń fọwọ́ sí ìwé. SQLite, ètò tí àwọn áàpù fi ń tọ́jú dátà, tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kóòdù rẹ̀ kò ní olówó lábẹ́ òfin, gbogbo ayé ló ni ín, ó sì wà nínú fóònù Android tó wà lápò yín báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é kì í gba kóòdù lọ́wọ́ ará ìta. Ẹ lè bù ú lọ, ẹ kò lè bù sí i.

Ọ̀nà kejì, ará Iléṣà ló ni orúkọ rẹ̀. Bàbá tó bí ìyá mi ṣe òṣómàáló. Ó ń gbé aṣọ lórí kẹ̀kẹ́ lọ sí ìletò, ó ń tà á láwìn: ẹ mú aṣọ lónìí, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò jáde, á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, á ní òṣó lòun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ìlóṣòó yẹn ni àwọn ènìyàn ń rántí, tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú àwọn Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n gbàgbé apá tó ṣáájú rẹ̀, pé ó ti kọ́kọ́ gbé aṣọ fún ẹni tí kò tíì san kọ́bọ̀.

Bí ọ̀nà kejì ṣe rí nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó wọlé, ẹ kà á lẹ́yìn. Ní 2005, Audrey Tang, ọmọ Taiwan, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Pugs láti mú èdè kọ̀ǹpútà Perl 6 ṣiṣẹ́, ẹni tó bá ti fi ìfẹ́ hàn ló ń fún ní kọ́kọ́rọ́. Rubinius, tí Evan Phoenix bẹ̀rẹ̀ fún èdè Ruby, ní ìlànà pé bí patch (àtúnṣe kóòdù) yín kan ṣoṣo bá ti wọlé, kọ́kọ́rọ́ ti di tiyín. Pieter Hintjens àti àwọn ará iṣẹ́ ZeroMQ tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bí àdéhùn, C4 ni wọ́n pè é: ẹ merge kíákíá, ẹni tó bá rí àléébù kó fi patch tirẹ̀ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nínú àdéhùn kan náà, olùtọ́jú kò gbọdọ̀ merge iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, àyàfi bí àwọn yòókù bá ti dákẹ́ ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ. Ẹni tó bá ka ìyẹn á mọ̀ pé ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ kò túmọ̀ sí ilé tí kò ní bàbá.

Àwọn ará Apache, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kóòdù ṣíṣí, ní orúkọ fún méjèèjì látọjọ́ tó ti pẹ́, review-then-commit (ẹ kà á kó tó wọlé) àti commit-then-review (ẹ jẹ́ kó wọlé kí ẹ tó kà á), wọ́n sì ń lo méjèèjì. Tèmi dùn ún pè jù.

Ẹni tuntun lẹ́nu ọ̀nà

Ibí ni Òṣómàáló ti borí, ìyàtọ̀ náà kò sì kéré. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ tó ń fún un lóúnjẹ, pẹ̀lú dátà tó fi owó ara rẹ̀ rà, ohun tó bá ṣe lónìí ló fẹ́ rí lónìí.

Àwa náà ti ṣe Oníbodè rí. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo ló lè merge. Ó mọ̀wé, ó sì máa ń ka gbogbo ìlà. Nígbà tó yá, ó di agùnbánirọ̀, ó wọ àgọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Pull request 14 ló jókòó dè é. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti arábìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ewé àti egbò lọ́jà. Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ jókòó kọ orúkọ ewé tó lé ní 300, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Kò sí owó tí a lè san tí a fi máa rí irú ẹ̀ kó jọ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi jáde ní àgọ́, ó kọ èsì gígùn sí i: pín in sí mẹ́wàá, yí orúkọ fáìlì padà, to èyí síbí, to tọ̀hún sọ́hùn-ún. Kò sí èyí tí kò tọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ. Arábìnrin náà kò fèsì. Lẹ́yìn oṣù méjì, àwa fúnra wa lọ bá a nílé. Ó ní òun ti rò pé a ò fẹ́ ẹ ni.

Iṣẹ́ ńlá náà ń rí irú rẹ̀. Ní December 2014, àwọn kan lára àwọn tó ń kọ Node.js, irinṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní iṣẹ́ náà ń falẹ̀ jù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó di kọ́kọ́rọ́ mú. Wọ́n ṣe ohun tí ọmọ ọba tí kò rí ààyè máa ń ṣe nínú ìtàn wa, wọ́n kó ènìyàn wọn jáde lọ tẹ ìlú tiwọn dó. Io.js ni wọ́n pè é, wọ́n sì pín kọ́kọ́rọ́ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ní September 2015, ìlú méjèèjì ti padà di ọ̀kan nínú Node 4.0, ìlànà ìlú tuntun ni wọ́n sì gbé wọlé.

Ohun kan tí mo máa gbà fún Oníbodè níbí: ẹni tó bá fara da bodè máa ń kọ́ nǹkan. Àwọn tó mọ kóòdù jù lára wa ni àwọn tí ọ̀rẹ́ mi ti dá iṣẹ́ wọn padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn tí kò fara dà á ni a ò lè kà.

Nígbà tí àṣìṣe bá wọlé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kò sí àríyànjiyàn nínú èyí, Oníbodè ló ni ín. Èmi ò gbà.

Ní 2006, olùtọ́jú kan ní Debian, ọ̀kan lára oríṣi Linux, yọ ìlà kóòdù nínú OpenSSL, ètò tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ní àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé irinṣẹ́ ìdánwò ń kùn sí i. Kò ṣàdédé yọ ọ́; ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe OpenSSL, wọ́n sì dá a lóhùn. Ohun tó yọ ló ń po ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ àṣírí (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ pa) tí kọ̀ǹpútà ń ṣe. Títí di May 2008 tí àṣírí tú, oríṣi kọ́kọ́rọ́ tí Debian àti Ubuntu tó ti ara rẹ̀ jáde lè ṣe kò ju nǹkan bíi 32,000 lọ fún irú kọ̀ọ̀kan, èyí tí olè lè gbìyànjú tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Bodè wà. Oníbodè wà lójúfò. Ẹrù náà ló dà bí ẹrù ire.

Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní March 2021, ẹnì kan rí ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ àká PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti commit (ìyípadà kóòdù) méjì wọlé, ó kọ orúkọ Rasmus Lerdorf sí ọ̀kan, ó kọ ti Nikita Popov sí èkejì, àwọn méjèèjì jẹ́ ara àwọn tó ń ṣe PHP, ó ní àṣìkọ lòun tún ṣe. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí olè lè gbà wọlé, ló gbẹ́. Àwọn tó máa ń ka ohun tó bá ti wọlé ló rí i ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Kò bá ẹ̀dà PHP kankan jáde. Kò sí bodè tó dá a dúró, ojú àwọn tó ń kà lẹ́yìn ló mú un. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó àká wọn lọ sórí GitHub, ojúlé tó ń gbé àká fún ènìyàn. Tí ẹ kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, git kì í béèrè ìdánimọ̀: orúkọ tó bá wu ènìyàn ló lè kọ sórí commit, orúkọ yín pẹ̀lú. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo máa ń bi ẹni tó bá ní ọ̀nà ṣíṣí lòun fẹ́ ni pé: ta ló ń kà lẹ́yìn? Kó dárúkọ ẹni náà. Kó sọ ọjọ́ tó ń kà á. Òṣómàáló tí kì í padà lọ sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè kì í ṣe òṣómàáló, ó kàn ń pín aṣọ ni. Lọ́jọ́ Sátidé tiwa yẹn, ilẹ̀kùn ṣí, ẹ̀gbọ́n ń sùn, áàpù ń fà. A ti ń pín aṣọ láti ọjọ́ pípẹ́, a ò mọ̀ ni.

Olè tó ní sùúrù

Bí ẹ bá ní àyè láti ka ìtàn kan ṣoṣo nípa ọ̀rọ̀ yìí, xz ni kí ẹ kà. Irinṣẹ́ kékeré ni, ó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, ó sì wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà Linux lágbàáyé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2021, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi patch ránṣẹ́, iṣẹ́ tó dára. Lẹ́yìn náà, àwọn orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í fúngun mọ́ olùtọ́jú náà pé ó ń falẹ̀, kó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ọkùnrin tó ti sọ ní gbangba pé ọkàn òun kò yá. Ó fún Jia Tan ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀dà 5.6.0 jáde ní February 2024, 5.6.1 tẹ̀lé e ní March, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà nínú méjèèjì. Onímọ̀ kan, Andres Freund, ló ṣàkíyèsí pé ssh, ètò tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá! Èmi tí mo ń dúró de íntánẹ́ẹ̀tì ní Ifẹ̀, n kò bá tí kíyè sí i láéláé. Ó tú u wò, ó sì kéde rẹ̀ ní March 29, 2024.

Oníbodè kò lè gbani lọ́wọ́ irú èyí, torí pé olè náà ti di oníbodè. Òṣómàáló náà kò lè gbani, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ilé ẹni tó gbé aṣọ lọ. Bàbá mi àgbà mọ ìyá, ó mọ bàbá, ó mọ ọgbà kòkó gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Títí di òní, a ò mọ ẹni tí Jia Tan jẹ́.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí: apá kan ilẹ̀kùn yẹn fara pamọ́ sínú fáìlì ìdánwò tó wà nínú àká, àmọ́ apá tó ń tan iná sí i kò sí nínú àká rárá. Inú àpò tí wọ́n fi gbé ẹ̀dà jáde nìkan ló wà. Ẹni tó bá ń ka gbogbo commit láàárọ̀ lálẹ́ kò lè rí i. Àṣẹ àtikọ nǹkan sínú àká àti àṣẹ àtigbé ẹ̀dà jáde wà lọ́wọ́ ẹnì kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò. Nígbà tí mo ka ìyẹn ni oko mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Àṣìṣe tó wà nínú àká, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àṣìṣe kan náà tó ti jáde, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní Lagere, ilẹ̀kùn àká la ń jà lé lórí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ìta ni kò ní aṣọ́nà.

Àwọn tó wà láàárín

Kò pọn dandan kí ẹ mú ọ̀kan pátápátá. FreeBSD, ètò kan tó jọ Linux, ń ṣe é bí ọmọṣẹ́ aránṣọ: ẹni tuntun gba kọ́kọ́rọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá kan wà tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ títí yóò fi ṣe fírídọ̀mù. Wọ́n sì máa ń gba kọ́kọ́rọ́ padà lọ́wọ́ ẹni tó bá ti pẹ́ gan-an tí kò lò ó. Èyí ṣe pàtàkì fún àwa tó wà ní ìlú akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dọ̀ wa, àwọn mẹ́sàn-án tó ti jáde ní yunifásítì, tí òmíràn ti wà ní Kánádà, ṣì ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, bí ayálégbé tó kó jáde láìdá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé.

Ní KDE, ẹgbẹ́ tó ń ṣe áàpù fún Linux, ẹni tó bá ti ní àṣẹ lè kọ nǹkan sínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àká wọn, kódà ibi tí kì í ti í ṣiṣẹ́; ohun tó ń mú wọn dúró ni ìwà tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, pé ènìyàn kì í wọ ọgbà ẹlòmíràn láìkí i. Ní Apache, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lè fi -1 dá ìyípadà kóòdù dúró, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí, ìdí náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iṣẹ́. "Kò wù mí" kì í ṣe ìdí.

Rọ́bọ́ọ̀tì ìdánwò, ètò tó ń yẹ kóòdù wò fúnra rẹ̀, ńkọ́? Ẹ ní i. Ẹgbẹ́ kékeré kò ní nǹkan tó dáa jù ú lọ. Kì í sùn, kì í lọ àgọ́ agùnbánirọ̀, kì í dójú ti ọmọdé níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Èwo ni tiyín?

Bí àkójọ ọ̀rọ̀, ìtumọ̀, àlàyé bí wọ́n ṣe ń lo nǹkan, tàbí orúkọ àdúgbò lórí máàpù bá ni ẹ ń ṣe, Òṣómàáló ni kí ẹ mú, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ á padà bọ̀ sípò. Ẹni tó bá bínú lọ ni kì í sábà padà.

Bí kóòdù yín bá ń kan owó, ọ̀rọ̀ ìwọlé, tàbí ìwé aláìsàn, Oníbodè ni, ojú ènìyàn méjì ó kéré tán, kódà bó jẹ́ ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ tàn yín níbí. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn ìtọ́jú owó nítorí pé ẹ fẹ́ kí ènìyàn pọ̀, irú ènìyàn tó máa wá ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣe é, ẹ kò ní oníbodè, ẹ ò sì ní òṣómàáló, ẹ kàn dá wà ni. Ẹ wá ẹnì kejì kí iṣẹ́ náà tó rẹ̀ yín, kì í ṣe ìgbà tó bá rẹ̀ yín tán. Ìgbà tó rẹni tán ni àlejò tí a ò mọ̀ máa ń kí ni kú iṣẹ́ jù.

Bí àwọn iṣẹ́ mìíràn bá ń fa kóòdù yín lò, bí áàpù yẹn ṣe ń fa tiwa, ìbéèrè nípa àká di kejì. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: láti ìgbà tí nǹkan bá wọ àká títí yóò fi dé fóònù ará ìta, wákàtí mélòó ni? Bó bá jẹ́ ọjọ́ méje, ẹ ní ọjọ́ méje láti lóṣòó. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan, Oníbodè nìkan ló kù fún yín, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ kọ̀ ọ́.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá pọ̀: kọ́kọ́rọ́ fún gbogbo yín, rọ́bọ́ọ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lọ sùn.

Ohun tí àwa ṣe

Ìpàdé kejì, ní Lagere kan náà, kò pẹ́. Àpótí ọ̀rọ̀ ṣì wà ní ṣíṣí: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kan bá ti wọlé gba kọ́kọ́rọ́. Àpótí ètò, níbi tí àwọn ohun tó lè kan ẹgbẹ̀rún ìlà lẹ́ẹ̀kan náà wà, ojú ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ rí i. Áàpù kò lè fa ohunkóhun láti inú àká mọ́. Inú ẹ̀dà ni yóò ti fà, ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹ̀dà ń jáde, ẹni méjì ló ń gbé e jáde pọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ohun tó wà nínú ẹ̀dà wé ohun tó wà nínú àká. Àwa mẹ́ta ló pín ọjọ́ kíkà láàárín ara wa. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni tèmi. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn, a kọ̀wé sí wọn, a dúpẹ́, a gba kọ́kọ́rọ́. Ẹnì kan ní òun ti rò pé a ti gbàgbé òun.

A tún lọ bá arábìnrin elewé. Àwọn ewé rẹ̀ ti wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló tì wọ́n wọlé.

Àbúrò tó sọ ọkọ di oko, a ò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ la fún un. Ó kọ ìdánwò kan tó ń ka iye àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ tó wà nínú iṣẹ́ wa kí commit tó wọlé àti lẹ́yìn tó bá wọlé. Bí àádọ́ta bá ti sọnù, á kọ̀ ọ́, á sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí ojú ìwé tí gbogbo wa ń rí. Ní oṣù tó kọjá, mo ń kánjú, iná fẹ́ lọ, mo da fáìlì kan kọ látorí fóònù, mo push ẹ̀. Orúkọ mi ló jáde. Ọmọ náà pè mí lórí fóònù, mo ń gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ bó tilẹ̀ ń gbìyànjú láti gbé e mì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ má bínú, ó ní àmì 62 ló dín nínú tiyín."